Ìjàpá Bàbá Dókítà

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Àṣàkẹ́ ọmọ Ehoro, ó sì dá lórí abọ́ ẹran kan tó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ń pàlọ́ fún wa ní kékeré a máa ní láyé ọjọ́un ni, nígbà tí ojú wà lórúnkún. Tèmi kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2025 ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu, Ojúde Ọba, àjọ̀dún ìlú náà, sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é. Gbogbo ẹranko tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ì báà wà ní Èkó, ì báà wà lókè òkun, ló ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Agboolé Erin ni ẹbí tí mò ń sọ yìí máa ń péjọ sí. Erin ni olórí ẹbí, àti pé ilé rẹ̀ nìkan ni ilé tí Erin lè wọ̀ láìwó ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má bi mí bí Erin, Ehoro, Ìgbín àti Lékeléke ṣe di ẹbí kan náà. Ẹni tó bá mọ bí ẹbí Yorùbá ṣe ń gbòòrò tó nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹran kò ní béèrè. Ẹ má sì bi mí pé ẹran ta ni wọ́n fi ṣọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹbí pé, Àgbò nìkan ni kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Ìjàpá ní ọmọkùnrin kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n ní kí bàbá ọmọ pe orúkọ tó fẹ́. Ìjàpá ní, "Dókítà." Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Yánníbo pe orúkọ tirẹ̀, ìyá àgbà pe tirẹ̀, ṣùgbọ́n Dókítà ló mọ́ ọmọ lórí. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá ti di Bàbá Dókítà, tí Yánníbo di Ìyá Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ò tíì hu eyín.

Nígbà tí Dókítà tó ọmọ JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, bàbá rẹ̀ ló bá a yan iṣẹ́. Mẹ́dísìn, Ìbàdàn. Èsì dé, kò tó. Ọdún kejì, Mẹ́dísìn, Ìbàdàn. Kò tó. Ọdún kẹta, Yánníbo ní, "Baálé mi, ọmọ yìí fẹ́ràn kó máa gé aṣọ. Ṣé ẹ ò rí bó ṣe rán kọ́tìnì pálọ̀ ni?" Ìjàpá ní kó máa bá ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Mẹ́dísìn, Ìbàdàn. Èyí tó dé lọ́dún náà kò ṣe é kà sókè létí aládùúgbò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ìjàpá di ẹrù ọmọ, ó mú un lọ sí Ìbàdàn lóòótọ́. Bó ṣe padà dé, ó ní ọmọ òun ti wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń kọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ tó le ni o. Wọ́n á gé e, wọ́n á tún rán an." Ni gbogbo ẹbí bá mi orí, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí kò ní sọ pé Ìjàpá purọ́. Ọmọ ń gé, ọmọ sì ń rán.

Ìṣòro Ìjàpá ò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹbí bá jókòó pẹ́, ẹnì kan á béèrè. Dókítà ti dé kíláàsì wo? Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá bá wa wo ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìjàpá ro ó títí, ó rí ọgbọ́n kan. Ó kíyè sí i pé níbi tí ẹbí bá pé sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ da ìbéèrè sílẹ̀, wọn kì í bi òun náà. Ó tún kíyè sí i, èyí ló sì dùn mọ́ ọn jù, pé bí wọ́n bá ti bi ọmọdé ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé, gbogbo ojú ló máa ń kúrò lára abọ́ ẹran.

Ẹni tí ọgbọ́n náà já lé lórí lọ́dún yẹn ni Àṣàkẹ́.

Èkó ni Àṣàkẹ́ ti ṣe JAMB. Nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde ní oṣù Èbìbí, 146 ni wọ́n fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, 146 ti dé orí WhatsApp ẹbí, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti gba ẹ̀yìn padà wá sí Ìjẹ̀bú. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, JAMB fúnra rẹ̀ jáde, ọ̀gá àgbà wọn sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe wọ iṣẹ́ àwọn ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, àti pé ọmọ 379,997 ni àwọn máa fún láàyè kí wọ́n tún un ṣe. Àṣàkẹ́ tún un ṣe. Ó gba 213. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹbí ti mọ̀ pé 213 kò dé orí WhatsApp. Ìròyìn burúkú nìkan ló máa ń ní dátà.

Ọ̀sán Iléyá lé, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Ìkọ́kọrẹ́ wà nínú abọ́ kan, ẹran díndín wà nínú èkejì, òróró ṣì ń hó wúyẹ́wúyẹ́ lára rẹ̀. Ìjàpá jókòó síbi tí kò ti ní í na ọwọ́ kó tó kan abọ́. Àṣàkẹ́ gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá."

Ìjàpá tún fìlà ṣe. "Àṣàkẹ́, ọmọ dáadáa. Mélòó lo gbà nínú JAMB?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́. Ọwọ́ Ìjàpá wọ abọ́, ó jáde.

"213 ni, sà."

"213?" Ìjàpá gbé nǹkan mì. "Ṣé kì í ṣe 146 la gbọ́ ni?"

Orí tún yí. Ọwọ́ tún wọlé.

Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti àṣìṣe, ó sọ ti Èkó, ó sọ bí òun ṣe tún un ṣe. Àlàyé ọmọdé níwájú ẹbí dà bí omi lórí ewé kókò. Erin gbé etí rẹ̀ sókè, ó ní, "Nínú mélòó ni 213 yẹn?"

"Nínú 400, sà."

Erin ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀. "Ó ku 187. Kí ló dé tí o ò gba ìyẹn náà?"

Ọ̀bọ ní ọmọ tòun gba 312. Ìgalà ní ọmọ tòun gba 318. Òkété ní 305 ni tọmọ òun, pé àìsàn ló sì ń ṣe é lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín níbí kí n tó máa bá àlọ́ lọ. Nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún yẹn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni kò dé 200. Àwọn tó gba 300 sókè ní gbogbo Nàìjíríà ò pé 13,000. Àmọ́ lábẹ́ igi máńgòrò Erin nìkan, mo ka mọ́kànlá.

Ẹ rántí pé ọwọ́ kan ń wọ abọ́ ní gbogbo àkókò yìí.

Lékeléke ló kàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni, aṣọ rẹ̀ funfun láú, kò fẹ́ fara kan ẹní. Ó ní, "Àwọn ọmọ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe báyìí o. Kí ni ìwọ tiẹ̀ fẹ́ kọ́?"

"Ọ̀sìn ẹja ni, Àǹtí. Ní FUNAAB, ní Abẹ́òkúta."

Ibẹ̀ gbaná. Òkété ní kí ni? Ìgalà ní ẹja kẹ̀? Ìjàpá dìde lórí ìdí méjèèjì, ó ní, "Ẹja tí ìyá mi ń tà ní Ẹ̀pẹ́ títí tó fi kú, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B? Ẹja yẹn náà lo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa rẹ́rìn-ín tán, ó ti mú méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sẹ́ni tó bi Àṣàkẹ́ pé kí ló dé tó jẹ́ ẹja. Bí wọ́n bá bi í, ìbá sọ fún wọn pé ìyá òun wa adágún ẹja kan sẹ́yìn ilé, pé ó yá owó fi ra ọmọ ẹja àrọ̀ 500, pé láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí gbogbo wọn léfòó, ikùn wọn ń wo ọ̀run, omi náà sì mọ́ gaara lójú. Ìyá rẹ̀ dúró létí adágún pẹ̀lú igbá oúnjẹ ẹja lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa dà á sí. Láti ọjọ́ yẹn ni Àṣàkẹ́ ti fẹ́ mọ ohun tó pa wọ́n.

Ó dìde ní tirẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Kó tó kúrò, ó wo abọ́. Ó ti ń ka á láti ìgbà tó ti kúnlẹ̀. Ìbéèrè mẹ́fà, ẹran méje.

Ìgbín ló bá lẹ́yìn ògiri, tó lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù. Ìgbín rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Bùrọ̀dá Ìgbín."

"Jókòó. Ọdún 2017 lèmi wọlé, ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún. 2018 ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wa, ASUU, dáṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́ta. 2020, kòrónà dé, ìyanṣẹ́lódì náà dé, láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀pẹ̀. 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Gbogbo Iléyá ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa parí. Wọ́n ní ara mi ló wúwo. Àbí ta ló máa gbà pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, èmi Ìgbín nìkan ni mò ń sáré?"

"Kí lẹ wá ń sọ fún wọn?"

"Ọdún kìíní, mo ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àdéhùn tí ìjọba bá ASUU ṣe ní 2009. Ara mi ò tíì dé 2010 tí wọ́n fi ń pín mọ́ínmọ́ín. Ọdún kejì, mo kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní yunifásítì ti sọ mí di onígbèéraga. Ọdún kẹta, mo fa ara mi sínú ìkarahun. Ìjàpá wá ń fi èékánná kàn án, kọ́, kọ́, kọ́: 'Ìgbín, ṣé o ti parí?'" Ìgbín dákẹ́, ó jẹ́ kí èèrà kan kọjá. "Ọdún kẹrin, owó iṣẹ́ ìwádìí wọ̀ mí lọ́rùn. Mi ò ronú nǹkan kan nípa ọgbọ́n o, àìní ló bá mi. Erin bi mí pé ìgbà wo ni mo máa parí, mo ní, 'Bàbá, bí ẹ bá lè fi nǹkan díẹ̀ ràn mí lọ́wọ́, ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀.' Àṣàkẹ́, láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, àwọn ló ń yà. Èmi tí mi ò lè sáré ni àgbàlagbà ń sá fún."

Ìgbín wá kọ́ ọ ní orin kan nípa fọ́ọ̀mù yunifásítì tó ṣì máa rà. Ó ní kó kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ agboolé jọ kí wọ́n máa gbè é, nítorí ohun tí ọmọ kan bá sọ ni wọ́n ń pè ní àfojúdi, ohun tí ọmọ ogún bá kọ lórin, ọdún ni.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Oòrùn ti rọ̀, wọ́n ti gbé abọ́ mìíràn kalẹ̀. Ìjàpá ti tún ìdí jókòó. Ó wúkọ́. "Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ ẹja yẹn, ṣé o tiẹ̀ ti rí admission ni?"

Orí yí. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi orin sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bá àwọn ọmọ gbè é:

Bàbá Dókítà, ẹ kú ọdún o,
*Fọ́ọ̀mù ń bọ̀ o.*
Ẹ bi mí léèrè, mo ti gbọ́ o,
*Fọ́ọ̀mù ń bọ̀ o.*
Ẹgbẹ̀rún méjì lowó rẹ̀ o,
*Fọ́ọ̀mù ń bọ̀ o.*
Ọ̀kadà ń bẹ, ọkọ̀ ń bẹ o,
*Fọ́ọ̀mù ń bọ̀ o.*
Ẹni tó bá bi mí ni mo ń wò o,
*Fọ́ọ̀mù ń bọ̀ o.*

Ọwọ́ Ìjàpá ti wà nínú abọ́ nígbà yẹn. Ibẹ̀ ló gan sí. Nítorí pé ojú tó ti kúrò lára abọ́ ti padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó bóyá ó máa ki ọwọ́ kejì bọ àpò.

Ó ní, "Hẹn-ẹn. Orin dáadáa ni. Ṣé ẹ ò rí Òkété tó fẹ́ sọ̀rọ̀?"

Òkété ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Òkété ti ń wá ihò. Àṣàkẹ́ yí orúnkún sọ́dọ̀ Ìgalà, ó tún orin dá, "Bàbá Ìgalà, ẹ kú ọdún o." Àwọn ọmọ gbè é. Ìgalà ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń pe òun ní ìta. Lékeléke yọ fóònù, ó ní owó Lọ́ńdọ̀nù kì í tètè dé lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀bọ ti wà lórí igi. Erin dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kírun. Ìrun Àsárì ti kọjá, Màgàríbì kò tíì tó, ṣùgbọ́n ta ló máa dá olórí ẹbí dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí?

Kó tó di pé àwọn ọmọ kọ ọ́ dé ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹní ti ṣófo. Abọ́ ẹran nìkan ló kù, ó kún. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán.

Àṣàkẹ́ ń kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná nígbà tó bá Yánníbo níbẹ̀, tó ń fọ ìkòkò. Yánníbo wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó nu ọwọ́, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó fi eyín já kókó aṣọ kan tó wà níbẹ̀. Owó tó ti ká wínníwínní bí ewé àkọ ni, ẹgbẹ̀rún kan méjì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. "Ẹja tó o ní o fẹ́ kọ́ yẹn, lọ kọ́ ọ. Má jẹ́ kí Bàbá Dókítà mọ̀." Ó tún padà sí ìdí ìkòkò.

Àwọn kan máa ń rò pé Yánníbo kò gbọ́n. Wọn ò mọ iye tó ń ká mọ́ ìdí ìró.

Ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ló kù. Kí Iléyá tó dé ni Erin ti kó aṣọ ẹgbẹ́ Régbérégbé rẹ̀ fún Ìjàpá, ó ní, "Ìwọ tó o mọ Ìbàdàn, bá mi mú un fún télọ̀ gidi." Ó ka owó ìránṣọ lé e. Ẹ wo wàhálà tí irọ́ ń kó èèyàn sí. Télọ̀ tó dára jù tí Ìjàpá mọ̀ láyé, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Aṣọ tí Dókítà ń rán, wọ́n ń wá a wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n bí aṣọ Erin bá dé ṣọ́ọ̀bù Dókítà, ẹnì kan á rí Dókítà nídìí ẹ̀rọ. Ìjàpá bá gbé aṣọ lọ fún Alángbá, tó máa ń mi orí sí gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ láìgbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Alángbá kò wọn Erin rárá. Ara Ìgalà ló fi wọ̀n ọ́n. Ìjàpá fi ìyókù owó sápò.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìlú kún. Régbérégbé ń wọlé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, akọ aṣọ ń ta yọ, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ìbọn ń dún. Erin ń jó bọ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọrùn bùbá rẹ̀ há gádígádí, ìlẹ̀kẹ̀ tún wà lórí rẹ̀. Ó jó ẹsẹ̀ kan. Ó jó èkejì. Ó lanu bí ẹni tó fẹ́ kígbe, kò rí èémí. Ló bá ṣubú, gbìì. Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìbọn Balógun ni.

Ehoro ló kọ́kọ́ pariwo. "Erin ṣubú o! Ẹ pe Dókítà!"

Gbogbo ẹbí yíjú sí Ìjàpá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìjàpá, irú ojú tó pọ̀ tó báyìí ò wò ó rí. Ó ní Dókítà ò sí nílé. Ó ní Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pe dókítà, pé ó ní ìwé tí èèyàn máa kọ́kọ́ kọ. Yánníbo ò sọ nǹkan kan. Ó kàn yọ fóònù láti inú gèlè, ó tẹ̀ ẹ́. Dókítà kò jìnnà. Ìjẹ̀bú-Òde ló wà láti ọjọ́ Ẹtì, lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń fa etí aṣọ wọlé, ó ń tú u jáde.

Wọ́n rí i lókèèrè tó ń sáré bọ̀, nǹkan gbọọrọ kan ń fì lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà ló wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn! Ẹ yà fún Dókítà!" Èrò pín sí méjì. Ìjàpá pàápàá, fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ tàn. Mo rò pé irọ́ tó ti ń pa láti ọjọ́ yìí ti wọ òun náà lára.

Dókítà dé, ó kúnlẹ̀ ti Erin. Nǹkan tó wà lọ́rùn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Tépù ni, èyí tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, ó yélò, nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti 1 dé 60. Ẹnu Lékeléke là, kò padé mọ́. Dókítà ki ìka kan bọ ọrùn bùbá Erin. Ìka ò wọ̀.

"Ta ló rán aṣọ yìí?" Ó béèrè láìgbójú sókè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìjàpá ń wo ẹṣin.

Dókítà yọ sísọ́ọ̀sì lápò ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o." Ó la aṣọ láti ọrùn dé àyà, fàrrr. Erin mí síta. Fìlà méje fò lórí àwọn tó wà nítòsí, ẹnì kan ò tíì rí tirẹ̀ títí di òní. Erin tún mí, ó dìde jókòó, ó wo aṣọ tó ti là, ó wo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Dókítà, kí ló ṣe mí?"

"Aṣọ ló há, Bàbá. Àyà yín pé 112, wọ́n gé e sí 38."

"Ibo lo ti kọ́ èyí?"

"Ìbàdàn, sà. Mo ti gba fíríìdọ́ọ̀mù láti ọdún mẹ́ta."

Dókítà fi abẹ́rẹ́ mú aṣọ náà níbẹ̀ lórí ìdúró, ó ya ọ̀já kan lára aṣọ òkè tirẹ̀ fi kún àlàfo àyà, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Erin padà sí agbo ijó. Kí ijó tó parí, àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá bi í pé ta ló bá a ṣe ọ̀já àyà yẹn. Ìgalà ti ń na ọwọ́ kí wọ́n wọn òun. Lékeléke ní òun fẹ́ aṣọ márùn-ún tí òun máa mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, pé ṣé ó lè yọ nǹkan díẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀.

Wọ́n wá Ìjàpá títí. Ìkarahun rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá nídìí igi, orí ti wọlé. Ìgbín ti ń fà bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Ó fi ìwo rẹ̀ kan ìkarahun náà, kọ́, kọ́, kọ́. "Bàbá Dókítà, ọmọ ńkọ́?"

Títí di òní, bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́wọ́ Ìjàpá, orí ló máa kọ́kọ́ fà wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí wọ́n tún jókòó sábẹ́ máńgòrò, ẹbí ti gbàgbé JAMB. Òkété ló wúkọ́. "Dókítà, o ti wá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Ìgbà wo lo máa mú ìyàwó wálé?"

Orí yí. Dókítà wo Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́ wo àwọn ọmọ. Dókítà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé orin:

Bàbá Òkété, ẹ kú ọdún o,
*Ìdána ń bọ̀ o.*
Iṣu ń bẹ níbẹ̀, orógbó ń bẹ o,
*Ìdána ń bọ̀ o.*

Òkété ti wọ ihò kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ kẹta.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù post-UTME jáde, Àṣàkẹ́ ra á. ₦2,000 ni. Owó náà ṣì ká bí ewé àkọ nígbà tó nà án sí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní káfè, ọmọ náà sì ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ kó tó ṣe é kà.